Koláč Tó Kọjú sí Òsì

Ní abúlé Hrušnice, ẹni tó bá ń wá ìjà kò ní láti bú ìyá ẹnikẹ́ni. Kó ṣáà jókòó sí ilé ọtí lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó béèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni pé òdì ni wọ́n tẹ ọwọ́ ìyá àgbà?" Kó tó gbé ife kan ẹnu, wọ́n á ti máa lu tábìlì.

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni. Àna Mẹ́ta Nínú Ilé Kan ni wọ́n ń pè é, ní Hrušnice gan-an ni wọ́n sì ti ya á lọ́dún 1974. Fíìmù ẹ̀rín tí tọmọdé tàgbà jọ ń wò ni. Bí Kérésìmesì bá dé tí tẹlifíṣọ̀n kò gbé e jáde, àwọn èèyàn á rò pé ìjọba ti dojú dé. Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan àbọ̀ lọ. Ojú kò hàn níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ méjèèjì ìyá àgbà inú eré náà ló wà lórí tábìlì, ìyẹ̀fun bò wọ́n dé ìgúnpá, wọ́n ń di koláč, búrẹ́dì kékeré aládùn tí wọ́n máa ń yan. Wọ́n gé ìyẹ̀fun pípò ní igun mẹ́rin, wọ́n bu wàrà àti èso púlọ́ọ̀mù tí a sè dúdú sí àárín, wọ́n ká etí kìíní, wọ́n ká èkejì àti ẹ̀kẹta, wọ́n wá ki ẹ̀kẹrin bọ abẹ́ èkíní bí ẹni ń ki etí gèlè. Ohùn ìyá àgbà á sì sọ pé, "Ẹ má wo ojú mi, ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ wò!"

Ohun tó ń fa ìjà ni pé etí tó gbẹ̀yìn lára koláč inú fíìmù kọjú sí òsì, ti gbogbo obìnrin Hrušnice sì ń kọjú sí ọ̀tún. Lọ́dọọdún, nígbà ọdún abúlé nínú oṣù kẹsàn-án, àwọn obìnrin máa ń jókòó ní gbọ̀ngàn, wọ́n á máa di koláč bí fíìmù náà ṣe ń lọ lára ògiri. Ẹni tí tirẹ̀ bá bá ti ìyá àgbà mu ni yóò so aṣọ ìdáná inú fíìmù mọ́ ìdí, òun ni yóò ṣáájú ìtòlọ́wọ̀ọ́wọ́, òun ni yóò sì yan ọmọ tí yóò gbé àwo koláč tẹ̀ lé e. Wọn ò tíì rí ẹni náà rí. Ipò kejì ni wọ́n máa ń fúnni, tíṣà ilé ìwé á sì yan ọmọ.

Bàbá Bohumír Vrzal, tó fi ogójì ọdún yí ẹ̀rọ sinimá, tó sì ń ṣọ́ yàrá tí wọ́n kó àwọn ẹrù fíìmù náà pa mọ́ sí, ti ṣàlàyé títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn tó tẹ fíìmù ní Prague ló yí ibẹ̀ sódì. "Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá àgbà lò," ni yóò máa wí. "Fíìmù ló purọ́."

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ pé fíìmù kò purọ́. Aranka Žigová ni, ìyá kan láti inú ẹ̀yà Roma tí àwọn ará abúlé kì í kà mọ́ ara wọn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tó ń gbé ní Òpin Ìsàlẹ̀ lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì láyé àtijọ́. Òun ló ni ọwọ́ náà. Ó ti fi àádọ́ta ọdún pa ẹnu mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún àádọ́ta fíìmù yìí, ó ń yọ kóró púlọ́ọ̀mù ní ilé ìdáná nígbà tí Sidka, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọlé, tó ju báàgì ìwé sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Sidka. Kì í ju báàgì.

"Ta ló nà ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó nà mí, Màmá."

"Kí wá ni báàgì ṣe fún ọ?"

Sidka fa àga, ó jókòó. "Tíṣà ní n ò lè gbé àwo lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Màmá, mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú fíìmù yẹn, látorí títí dé ìdí. Terezka tí wọ́n yàn ò mọ̀ ju 'Ẹ má wo ojú mi' lọ, ìyẹn náà, ó máa ń ṣì í sọ. Tíṣà wá ní kì í ṣe ẹjọ́ òun. Ó ní bó ṣe rí nínú fíìmù ló gbọ́dọ̀ rí, pé irú àwa ò sí nínú fíìmù."

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn?"

"Ó fọwọ́ pa mí lórí kó tó sọ ọ́."

Aranka gé púlọ́ọ̀mù kan sí méjì, ó sì yọ kóró rẹ̀. Ohun tí tíṣà sọ kì í ṣe irọ́ lójú ẹni tó ń fi ojú lásán wò. Alápatà wà nínú fíìmù náà, àwọn panápaná wà níbẹ̀, kódà ajá alápatà rí ibi dúró sí. Ará Òpin Ìsàlẹ̀ kankan kò sí níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ya ibi ìgbéyàwó, ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá bá wọn, ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má gba ojú títì kọjá títí di ìrọ̀lẹ́, kí àwòrán má bàa bàjẹ́. Ọgọ́ta èèyàn jókòó sínú ilé wọn kí abúlé lè dà bí abúlé.

Nígbà náà, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni Aranka, ó ń dáná ní ilé ìjẹun àwọn àgbẹ̀ alájọṣe, ibẹ̀ ni àwọn òṣèré sì ti ń jẹun. Drahoslava Pešlová ló ṣe ìyá àgbà. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ dùn lọ́bẹ̀, ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kò mọ bí a ṣe ń fọ́ ẹyin. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ba ìyẹ̀fun jẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, olùdarí eré bínú wá sí ilé ìjẹun, ó gbé koláč kan sẹ́nu, ó sì tún mú òmíràn. "Ta ló di èyí?" ló bi wọ́n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi Aranka jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n lu funfun ẹyin mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n fi kun ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá. Bó ṣe ń gbẹ ló ń sán wẹ́wẹ́, ni ọwọ́ ọ̀dọ́bìnrin bá di ọwọ́ arúgbó, ọwọ́ ọmọ Roma sì di ọwọ́ ìyá àgbà gbogbo ayé. Olùdarí ní kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Òótọ́ ló sọ.

Ọwọ́ òsì ló fi di koláč náà. Ní ilé ìwé, wọ́n ti so ọwọ́ yẹn mọ́ àga títí ó fi kọ́ bí a ṣe ń fi ọ̀tún kọ̀wé, kò sì sí ará Hrušnice tó rí i kó fi òsì ṣe ohunkóhun lójú ayé mọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun kì í bini pé ọwọ́ wo lo fi ń pò mí.

Nígbà tí wọ́n ya á tán, Drahoslava fà á lọ sẹ́yìn ilé. "Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́ ni o. Iṣẹ́ mi á bàjẹ́. Bí mo bá ṣì wà láyé, má sọ fún ẹnikẹ́ni." Aranka ní òun ò ní sọ. Láti ọjọ́ náà, kò di koláč mọ́. Pẹrẹsẹ ló ń ṣe tirẹ̀, ó ń da púlọ́ọ̀mù sórí rẹ̀ láìbò ó, kí ọwọ́ má bàa tú àṣírí tí ẹnu pa mọ́. Lọ́dọọdún ní Kérésìmesì, káàdì kan máa ń dé láti Prague. Kì í ní orúkọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lára rẹ̀: Ọwọ́ wa ńkọ́? Àádọ́ta irú rẹ̀ ló wà nínú agolo bisikíìtì lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Drahoslava kú nínú oṣù kẹta ọdún yìí. Aranka tan àbẹ́là kan fún un, ó sì tún dákẹ́. Ó ní kí ni ariwo máa ṣe fún ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Báàgì tó wà nílẹ̀ yìí ló wá ń wò báyìí.

"Sidka, gbé báàgì rẹ. Tó o bá ti fọwọ́, sáré lọ bá Bàbá Vrzal, kó kọ orúkọ mi mọ́ àwọn tó ń di koláč."

Ọmọ náà la ẹnu sílẹ̀. "Ẹ̀yin, Màmá? Ẹ ò mọ̀ ọ́n dì! Pẹrẹsẹ lẹ máa ń ṣe tiyín."

"Lọ kọ orúkọ."

Ní Sátidé, Aranka ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Kò jẹ́ fi ìyẹ̀fun ṣòfò láti fi dán ọwọ́ wò. Ó tẹ́ aṣọ ìnujú kan sórí tábìlì, ó gbé púlọ́ọ̀mù kan sí àárín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká etí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún ni púlọ́ọ̀mù yẹn yí jáde. Ní ẹ̀ẹ̀kẹtàdínlógún, ó dúró. Ó tú u, ó tún un dì, ó tún dúró. Ó fọ aṣọ ìnujú, ó sá a, ó jẹ púlọ́ọ̀mù náà.

Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Tábìlì méje ni wọ́n tò sábẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán máa jáde lára rẹ̀. Jarmila Kubátová ti jókòó sí ti àárín. Ẹ̀ẹ̀méjìlá ni obìnrin yìí ti gba ipò kejì, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

"Ìyá Aranka, ṣé ẹ ò ṣìnà? Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń fọ àwo."

"N ò ṣìnà, Jarmila. Mo gbọ́ pé ẹ ti gba gbogbo ipò kejì tán, mo ní kí n wá wo èyí tó kù."

Àwọn tó wà ní ìlà iwájú bú sẹ́rìn-ín. Jarmila náà rẹ́rìn-ín, kò lè mú un mọ́ra.

Bàbá Vrzal dúró ti ẹ̀rọ rẹ̀ lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ó gbé ohùn sókè. "Ẹ gbọ́ o! Kí koláč kọjú sí òsì bíi ti fíìmù la fẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé kò ṣeé ṣe."

"Bí kò bá ṣeé ṣe, kí lẹ wá ń pè wá sí?" ni Aranka béèrè.

"Àṣà wa ni, Màmá! Ṣé wọ́n ń bi àṣà léèrè ni?"

Wọ́n pa iná. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn ń bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀, ìlà kan kì í bọ́ lẹ́nu wọn. Nígbà tí àna kejì jókòó sórí àkàrà òyìnbó, wọ́n rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí i rí. Aranka kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun tó wà níwájú rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti wú tó.

Àwòrán ọwọ́ yọ. Àwọn obìnrin méjèèje tẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Kí Aranka tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ ọ̀tún ló nà jáde. Ojú irinwó èèyàn wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ òsì sì ti wà lórí itan, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n so ó mọ́ àga. Ó di koláč kìíní. Ó kọjú sí ọ̀tún.

Ó bojú wẹ̀yìn. Sidka dúró sórí àga lẹ́bàá ògiri, ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹnu. Ọmọ náà ti rí i. Ojú rẹ̀ ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Aranka mú ọwọ́ ọ̀tún, ó fi sí ibi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ó gbé òsì sórí tábìlì, ó ti gbogbo rẹ̀ bọ ìyẹ̀fun. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún ronú mọ́. Etí kìíní, èkejì, ẹ̀kẹta, ó ki ẹ̀kẹrin bọ̀ ọ́. Ó gbé òmíràn. Lókè, ọwọ́ inú àwòrán fi ìka méjì gbá ìyẹ̀fun kúrò létí tábìlì. Nísàlẹ̀, ọwọ́ Aranka fi ìka méjì gbá ìyẹ̀fun kúrò létí tábìlì, ní ìṣẹ́jú àáyá kan náà.

Ó ti tó àkókò kí gbogbo gbọ̀ngàn pariwo ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. "Ẹ má wo ojú mi…" ni wọ́n wí, àwọn ìlà iwájú sì dákẹ́, ìlà tó tẹ̀ lé wọn dákẹ́, títí ó fi ku ọkùnrin kan tó ti mu ọtí yó lẹ́yìn pátápátá, tó ń sọ pé "ọwọ́ mi ni kẹ́ ẹ wò" fún ara rẹ̀.

Ohùn Sidka ló jáde. "Ọwọ́ Màmá mi ló wà lókè yẹn!"

Vrzal dá ẹ̀rọ dúró, àwòrán ọwọ́ náà sì dúró gbagidi lára ògiri. Wọ́n tan iná. Koláč mẹ́rin ló wà níwájú Aranka. Ọ̀kan kọjú sí ọ̀tún, mẹ́ta kọjú sí òsì.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni yín?" Jarmila ló béèrè, bí ẹni tó bá owó rẹ̀ lápò ẹlòmíràn.

"Láti ilé ọmọ ni. Ọwọ́ mi sì nìyẹn lókè. Mo ṣèlérí fún Drahoslava pé n ò ní sọ nígbà tó ṣì wà láyé. Ó ti lọ. Mo ti sọ."

Ariwo gba gbọ̀ngàn. Àwọn kan ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ń pòṣé. Vrzal rìn wá síwájú, ó ń mi orí. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni, ó sì ti jà fún ọ̀rọ̀ yìí ju bó ti jà fún ohunkóhun mìíràn lọ.

"Ìyá Aranka, ẹ má bínú. Mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lo òsì, tó ń wo àwòrán tí wọ́n yí sódì, irú rẹ̀ náà ló máa ṣe! Ẹ ò rí i pé kò já sí nǹkan kan? Òdì ni fíìmù yẹn!"

"Bàbá Vrzal, abọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ̀fun nínú àwòrán yẹn, ibo ló wà báyìí?"

"Abọ́ tánganran yẹn? Yàrá mi ló wà, nínú gíláàsì. Mo ń nù ún ní gbogbo Sátidé."

"Abọ́ ilé ìjẹun wa ni. Wọ́n ya èso ṣẹ́rì méjì sí i lára, ewé kan sì wà lórí wọn. Apá ibo ni ewé yẹn tẹ̀ sí?"

Vrzal gbé ojú sókè. Gbogbo èèyàn yíjú sí ògiri. Lára àwòrán, ewé ṣẹ́rì tẹ̀ sí ọ̀tún.

Ọkùnrin náà yí padà, ó jáde, ó fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sáré gba ojú títì kọjá. Wọ́n gbúròó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n gbúròó ohun kan tó wó, wọ́n gbọ́ èpè. Ó padà dé pẹ̀lú abọ́ láyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó gun àga, ó gbé e ti ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwòrán.

Ewé abọ́ tẹ̀ sí ọ̀tún. Ti àwòrán tẹ̀ sí ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó yí ohunkóhun sódì.

Vrzal sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó sórí àga tó gùn. "Ọgbọ̀n ọdún," ló wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń nu ẹ̀rí tó takò mí."

Jarmila ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ràn wọ́n bí iná ọyẹ́. "Ọdún méjìlá!" ló ń ké. "Ọdún méjìlá ni mo fi ń bá ọlọ́wọ́ òsì du ipò, tí mo sì ń fi ọ̀tún dù ú! Ẹ gbé aṣọ ìdáná yẹn fún mi níbẹ̀." Ó já a lára ìkọ́, ó lọ sẹ́yìn Aranka, òun fúnra rẹ̀ ló so ó mọ́ ọn nídìí, ó sì so ó le. "Ẹ ò bá ti sọ fún mi, Màmá. Ì bá má rẹ̀ mí tó báyìí."

Tíṣà Květa Ryšánková dé, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ìyá Aranka, ẹ dákun. Mo sọ fún ọmọ yín pé…"

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, Tíṣà. Mo tún gbọ́ pé ẹ fọwọ́ pa á lórí. Nígbà mìíràn, ẹ gbé àwo lé e lọ́wọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Nígbà tí wọ́n yan wọ́n tán, koláč láti orí tábìlì méjèèje ló kún àwo ńlá náà, ó sì wúwo. Sidka gbé e, ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó wo Terezka tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ funfun tí ìyá rẹ̀ rán sílẹ̀ fún ọjọ́ òní, tí kò mọ ibi tí yóò gba lọ.

"Terezka, wá gbé apá ọ̀tún. Èmi ni mo ni òsì."

"Ọ̀tún wẹ òsì," ni Aranka wí. "Ẹ má jẹ́ kó dà nù o. Ìyẹ̀fun èèyàn méje ló wà níbẹ̀."

Àwọn afunfèrè bẹ̀rẹ̀, ìtò náà sì jáde sínú oòrùn. Láti àádọ́ta ọdún, tí wọ́n bá dé orítá, òkè ni wọ́n máa ń yà sí, níbi adágún, bí wọ́n ṣe ṣe é nínú fíìmù. Aranka dé orítá, ó yà sí ìsàlẹ̀.

"Ìyá Aranka!" Ẹni tó ń fun fèrè ńlá mú un kúrò lẹ́nu. "Ọ̀nà ibẹ̀ kọ́ o! Òpin Ìsàlẹ̀ nìyẹn!"

Kò wẹ̀yìn. "Ta ni wọ́n ní kó ṣáájú?"

Ọkùnrin náà ronú díẹ̀, ó dá fèrè padà sẹ́nu. Gbogbo ìtò náà yí lẹ́yìn Aranka, irinwó èèyàn, ajá alápatà tuntun, àti Vrzal tó ń tiro bọ̀ lẹ́yìn tó gbé abọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan létí ọ̀nà bíríkì. Àwọn ará Òpin Ìsàlẹ̀ jáde sí ojú títì láti wo ohun tó ń bọ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wọlé.